Ègbin àti Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Bí ẹnikẹ́ni bá bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé D. O. Fágúnwà lójú mi, ìjà ni yóò dà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nínú mi láti kékeré nípa Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣì ń kà.

Ẹ rántí Ègbin. Òǹkọ̀wé to jìgá sí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi egbò bò ó lára, títí ìríra fi mú òǹkàwé. Ọwọ́ rẹ̀ dá níbẹ̀. Bí mo ti kórìíra ojú ìwé náà tó, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àrùn ni egbò, àwọn tí a mọ̀ ni ó ń ṣe. Bí a bá sọ àìsàn ara di orúkọ ẹni, kí ni ó kù tí olúwarẹ̀ tún lè jẹ́? Ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ tí a kà á ní kíláàsì ni àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní Ègbin, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú rọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ahunṣọ-òkè ni a bí mi sí. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ òfì, ti òsì nìkan ni mo sì ń lò. N kò tíì rí oníbàárà tí ó béèrè iye ẹsẹ̀ tí ó hun aṣọ rẹ̀.

Àwọn baba wa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní Ọbàtálá ni ó ni wọ́n. (Èyí náà ní wàhálà tirẹ̀: ta ni í bá ẹni òrìṣà ta ayò?) Òwe ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Amúkùn-ún fúnra rẹ̀ ni ó fèsì! Fágúnwà mọ agbára irú ohùn bẹ́ẹ̀, nítorí Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ ni ó ń ro ìtàn ara rẹ̀ fún akọ̀wé. Ó sì fi Elégbèdè-ọdẹ, tí ó gbọ́ èdè ẹranko, sí àárín àwọn akọni tí ń lọ sí Òkè Láńgbòdó. Èéṣe tí ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè bá wọn lọ?

Ní ìsinmi tí ó kọjá, àbúrò mi ń ka ìwé náà sókè nílé. Ó dé ọ̀dọ̀ Ègbin, ó wò mí fìrí, ó sì ṣí ojú ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí ó padà sẹ́yìn, kí ó kà á.