Àpáta Ìkẹ́rẹ́ nínú Ewì Níyì Ọ̀ṣúndáre

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá. Ẹni tí ó bá ti Adó-Èkìtì gba ọ̀nà gúúsù dé Ìkẹ́rẹ́ kò ní jiyàn, nítorí àpáta ni ó yí ìlú náà ká. Níbẹ̀ ni a bí Níyì Ọ̀ṣúndáre sí ní 1947.

Nínú The Eye of the Earth, ìwé ewì rẹ̀ tí ó gba ẹ̀bùn ewì ti Commonwealth ní 1986, akéwì náà padà sílé. Àwọn àpáta ni ó dìde wá pàdé rẹ̀. Olósùnta ni ó kọ́kọ́ fọhùn, Òróòlé sì tẹ̀lé e. Níhìn-ín ni ọgbọ́n ewì náà wà: kì í ṣe akéwì ni ó ń ròyìn òkè, òkè ni ó ń dá a mọ̀ ní ọmọ.

Síbẹ̀, àléébù kan kò ṣe é fi pamọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àpáta Ìkẹ́rẹ́ ń sọ. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè lẹ́sẹ̀ Olósùnta, tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè mọ ohun tí òkè rẹ̀ wí. Orúkọ àwọn àpáta náà kọ̀ láti di Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni láti dá ìyókù ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹnu tí ó ni ín.