Ère Tí Wọ́n Ń Mọ fún Ọjọ́ Márùn-ún

Àdúgbò kan wà ní àríwá ìlú Kolkata ní Íńdíà, lẹ́bàá odò Hooghly, tí wọ́n ń pè ní Kumartuli. Amọ̀kòkò ni àwọn ará ibẹ̀ láti ìran dé ìran, Pal sì ni orúkọ tó wọ́pọ̀ jù láàrin wọn. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà tóóró ibẹ̀ kọjá nígbà òjò yóò bá òrìṣà níhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: ọparun ni eegun, koríko ìrẹsì gbígbẹ tí wọ́n fi okùn wé ni ẹran ara, amọ̀ odò tí wọ́n po mọ́ èèpo ìrẹsì ni awọ. Ọwọ́ mẹ́wàá wà níbẹ̀, kò tíì sí ìka. Ọrùn wà, kò tíì sí orí, nítorí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń mọ orí àti ìka. Durga ni, Ìyá tó gun kìnnìún, tó fi ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta gún Mahishasura, àǹjọ̀nú ẹlẹ́fọ̀n, pa.

Ẹ̀sìn Híńdù kò ní olùdásílẹ̀, kò ní olórí kan ṣoṣo, kò sì ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń kà. Síbẹ̀, ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 966 ni Híńdù tó wà ní Íńdíà, ìyẹn bíi 80 nínú 100 èèyàn orílẹ̀-èdè náà. Ohun tó so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ ni ìgbàgbọ́ pé ẹ̀mí inú ènìyàn kì í kú. Ara kan ló ń bọ́ sílẹ̀ tó ń gbé òmíràn wọ̀, ìwà tó bá sì hù ló ń pinnu irú ayé tí yóò tún wá. Karma nìyẹn. Mokṣa, ìdáǹdè kúrò nínú àtúnwá yìí, ni wọ́n ń lépa. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Brahman wà, orísun ohun gbogbo. Àwọn kan ní kò lójú, kò nímú. Àwọn mìíràn ń bá a pàdé lára Shiva, lára Vishnu tàbí lára Ìyá. Inú ìwé Upanishad ni onímọ̀ sábà máa ń wá àlàyé èyí. Ní Kumartuli, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀, àlàyé ọwọ́ yẹn sì jinlẹ̀.

Ìwé mímọ́ Devi Mahatmya sọ pé nígbà tí apá àwọn òrìṣà ọkùnrin kò ká Mahishasura mọ́, agbára wọn para pọ̀ di Durga, wọ́n sì kó ohun ìjà wọn lé e lọ́wọ́. Àwọn ará Bengal, agbègbè tí Kolkata wà, tún fi ìtàn mìíràn kún un. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọbìnrin ilé ni Durga, tó ti ilé ọkọ rẹ̀, Shiva, lórí òkè Kailash bọ̀ wá kí bàbá àti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin: Lakshmi, Saraswati, Ganesh àti Kartik. Jagunjagun ni, àlejò ọ̀wọ́n sì tún ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà yìí ti le jù. Ọwọ́ òrìṣà ń pa àǹjọ̀nú, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tutù bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé. Amọ̀kòkò tó bá mọ ojú ìbínú ti kùnà, bó ti wù kí kìnnìún rẹ̀ dára tó.

Ojú ni wọ́n ń kùn kẹ́yìn. Àṣà ni pé kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kùn ún ní ọjọ́ Mahalaya, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún Durga ọlọ́jọ́ márùn-ún, tó sábà máa ń bọ́ sí September tàbí October. Ní ìdájí ọjọ́ yẹn kan náà, ilé àìmọye ní Bengal máa ń tan rédíò láti gbọ́ ohùn Birendra Krishna Bhadra tó ń ké pe Ìyá, nínú ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1931. Ní 1976, wọ́n fi gbajúmọ̀ òṣèré Uttam Kumar rọ́pò rẹ̀. Ará ìlú bínú gidigidi, ni wọ́n bá dá ti àtijọ́ padà.

Nígbà tí ère bá dé àgọ́ ọdún, àlùfáà yóò pe èémí sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìtọ́jú àlejò pátápátá ni puja, ìyẹn ìbọ náà: wọ́n á fún un ní ìjókòó, omi ìfọsẹ̀, aṣọ, òdòdó, tùràrí, iná àti oúnjẹ. Ní ìgbà tí ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn Mahalaya ń kọjá sí ọjọ́ kẹsàn-án, fìtílà 108 ni wọ́n ń tàn. Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ló gba ọgbọ́n jù. Amọ̀ tí kò wọ iná ni ère náà. Bí wọ́n bá da omi sí i, yóò tú. Ìyá sì gbọ́dọ̀ wẹ̀. Àlùfáà á gbé dígí síwájú rẹ̀ kí àwòrán ojú rẹ̀ lè hàn níbẹ̀, dígí náà ni yóò sì da omi sí.

Dígí yìí tún ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Àlùfáà á gbé e wọ inú àwo omi, pẹ̀lú àdúrà ìdágbére. Ní ti ẹ̀sìn, Ìyá ti lọ nìyẹn. Àwọn abilékọ á wá fi lẹ́búlẹ́bú pupa pa ère náà níwájú orí, wọ́n á fi àdídùn kàn án lẹ́nu, wọ́n á sì fi lẹ́búlẹ́bú náà pa ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ẹrù á gbé ère lọ sí odò, pẹ̀lú ìlù, wọ́n á sì jù ú sómi.

Ìṣe yìí dá sí àríyànjiyàn tó gbóná jù nínú ẹ̀sìn Híńdù. Ní Kolkata yìí náà ni Rammohun Roy ti dá ẹgbẹ́ Brahmo sílẹ̀ ní 1828. Ó tako ìbọ ère, ó sì fi Upanishad gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí tẹ́ńpìlì òrìṣà Kali ti Dakshineswar ní 1855, àlùfáà ibẹ̀, Ramakrishna, ń bá ère sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ́ni pé ọ̀kan náà ni Brahman tó ní ìrísí àti èyí tí kò ní. Ẹ̀rù tó ba Roy kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí ènìyàn lè gbàgbé ẹni tó ń bọ kó gbájú mọ́ ère. Ṣùgbọ́n ọdún Durga ti ní èsì rẹ̀ nínú. Ẹni tó rò pé amọ̀ ni ọlọ́run òun kò ní gbé e sọ sódò.

Àbùkù ọdún náà wà níbòmíràn. Àṣà ní kí wọ́n bu díẹ̀ nínú amọ̀ ère láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn aṣẹ́wó, síbẹ̀ àwùjọ tó ń tọrọ amọ̀ yẹn kì í fẹ́ kí àwọn obìnrin náà sún mọ́ àgọ́. Ọ̀dà tó ní òjé ń ba odò jẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ láti tètè fa ère jáde. Láti 1985 ni ilé iṣẹ́ ọlọ́dà kan ti ń fún àgọ́ tó dára jù ní ẹ̀bùn. Ní December 2021, UNESCO kọ ọdún náà mọ́ àjogúnbá àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ti ìran ènìyàn. Àgọ́ wá ń tóbi sí i, ayàwòrán àgọ́ ń gbayì, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù tóóró tí omi òjò ń jò sí ni ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ṣì wà. Obìnrin bíi China Pal, tó gba iṣẹ́ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ní láti kọ́kọ́ jà kí wọ́n tó gbà pé ọwọ́ obìnrin lè mọ Ìyá. Àwọn tó ń ṣètò ọdún ní láti tún èyí ṣe: kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kun ojú ère náà sí iwájú àgọ́, kí wọ́n sì san owó tó tọ́ sí i fún un.