Ta Ní Ń Tọ́jú Olùtọ́jú? Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Chenyang Li Lórí Ẹ̀kọ́ Confucius àti Ìdọ́gba Takọtabo

Ní ọdún 1994, Chenyang Li gbé iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà Hypatia, nínú èyí tí ó ti fi ẹ̀kọ́ Confucius ti ilẹ̀ Ṣáínà wé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọmọnìkejì, tí àwọn onímọ̀ ìṣègbèfábo gbé kalẹ̀. Ìwé Carol Gilligan, In a Different Voice (1982), àti Caring tí Nel Noddings kọ (1984) ni òpó tí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú yìí fi ẹ̀yìn tì. Kókó rẹ̀ ni pé òfin gbogboogbò àti ẹ̀tọ́ nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n ìwà. Bí ènìyàn ti ń mójú tó àìní ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n pẹ̀lú. Lójú Li, ren, tí í ṣe olórí ìwà rere lọ́dọ̀ Confucius, kò jìnnà sí èyí. Méjèèjì kò gbára lé òfin gbogboogbò. Méjèèjì sì gbà pé ojúṣe ẹni sí ará ilé ju ojúṣe ẹni sí àjèjì lọ.

Li kò fi bò pé àwọn ọmọlẹ́yìn Confucius tẹ obìnrin mọ́lẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé èyí kò sí nínú ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà: àwọn tí ó dé lẹ́yìn, bí Dong Zhongshu ní ayé ìjọba Han, ni wọ́n fi yin àti yang gbé ọkùnrin lékè obìnrin. Àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Fífọ ìpìlẹ̀ mọ́ kò sọ ẹni tí yóò máa ru ẹrù inú ilé. Nínú èsì tí Daniel Star fún Li ní 2002, ó tọ́ka sí i pé ipò ni ẹ̀kọ́ Confucius ń wò, ìyẹn ipò baba, ọmọ, ọkọ tàbí aya, ju ẹni tí ó wà ní ipò náà lọ. Joan Tronto ti sọ ṣáájú, ní 1993, pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ìtọ́jú: ó yẹ kí a béèrè ẹni tí iṣẹ́ náà já lé léjìká.

Òfin olórí ìdílé tí a ń pè ní hoju ní Gúúsù Kòríà fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn. Bí baba bá kú, ọmọkùnrin, ì báà jẹ́ ìkókó, ní í di olórí ìdílé nínú ìwé ìjọba. Ìyá tí ń gbé e pọ̀n wà lábẹ́ ọmọ tí ó pọ̀n. Òótọ́ ni pé ìjọba amúnisìn Jàpáánì lọ́wọ́ sí òfin náà, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ọmọlẹ́yìn Confucius dúró tì í gbágbágbá. Ní 2005, ilé-ẹjọ́ tí ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ dájọ́ pé hoju kò bá òfin ìpìlẹ̀ mu. A sì pa á rẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2008.

Ẹ̀tọ́ sí ìdọ́gba ni ó tú ìyá náà sílẹ̀, kì í ṣe ren, kì í sì í ṣe ìtọ́jú. Nítorí náà, àìgbáralé òfin gbogboogbò tí Li kà sí ẹwà ẹ̀kọ́ méjèèjì gan-an ni àléébù tí wọ́n jọ ní.

Èyí kò sọ pé kí a da ẹ̀kọ́ Confucius nù. Ban Zhao, obìnrin tí ó kọ Nü Jie ní nǹkan bí ọdún 106, kọ́ obìnrin ní ìtẹríba. Síbẹ̀ inú ìwé kan náà ni ó ti béèrè pé kí a kọ́ ọmọbìnrin ní ìwé bí ọmọkùnrin, nítorí pé tọkọtaya ni ojúṣe wà fún. Irúgbìn ìdọ́gba wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré. Iṣẹ́ tí Li fi sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni láti so ren pọ̀ mọ́ ẹ̀tọ́, kí ọkùnrin náà lè máa tọ́jú òbí, ọmọ àti aláìsàn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ọwọ́ obìnrin nìkan kò ṣe é fi sọ ọ́.