Ogun Òṣogbo Nínú Ìwé Johnson

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí bá ìtàn ogun Òṣogbo mu, èyí tí Ìbàdàn àti Ìlọrin jà ní nǹkan bí ọdún 1840. Ẹni tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi ń ṣe ẹlẹ́rìí ni Samuel Johnson, ẹni tí ó parí The History of the Yorubas ní 1897. Ìwé náà sọnù, Obadiah àbúrò rẹ̀ tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Ibi tí Johnson ti ta yọ ni àlàyé rẹ̀ lórí òru. Ìlọrin sàga ti Òṣogbo, Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ kò sì tó, títí Balógun Odérìnlọ fi kó ogun ńlá dé. Ẹṣin ni agbára Ìlọrin; ní pápá gbalasa, lójú ọ̀sán, ẹlẹ́sẹ̀ kò rọrùn láti dúró níwájú ẹlẹ́ṣin. Nítorí náà ni Ìbàdàn ṣe dúró di òru kí wọ́n tó kọlu ibùdó. Àwọn kan a máa wí pé igbó ni ó ṣẹ́gun ẹṣin. Johnson jẹ́ kí ó hàn pé igbó nìkan kọ́: ènìyàn ni ó yan wákàtí.

Ṣùgbọ́n ìròyìn náà ní àbùkù. Ní 1846 ni a bí Johnson ní Sàró, lẹ́yìn ogun náà. Ìbàdàn ni ó sì ti dàgbà. Ohùn Ìbàdàn ni ó ń dún jù lẹ́nu rẹ̀. Ìlọrin di ọ̀tá tí ó sá. Òṣogbo tí ó ni ilé di ẹni tí ó kígbe, tí a sì gbà sílẹ̀.

Òṣogbo kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ọ̀ṣun ni ó para dà di obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́, tí ó ta ẹ̀fọ́ olóró fún àwọn ọmọ ogun náà, tí inú rírun sì tú wọn ká. Ẹni tí ó bá fi èyí ṣe àlọ́ lásán ti yára jù. Òpìtàn kò ní ka Ọ̀ṣun mọ́ àwọn balógun. Síbẹ̀ ìtàn náà béèrè ohun tí ìtàn ìbọn àti idà ń fò dá: ogun tí ó dó tini, kí ni ó ń jẹ, lọ́wọ́ ta ni ó sì ti ń rà á? Ó sì ń jẹ́rìí pé àwọn ará ìlú kò gbà pé àwọn káwọ́ gbera.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún àṣejù pẹ̀lú. A máa ń wí pé Òṣogbo ni ó fi òpin sí ogun Ìlọrin. Òótọ́ ni pé ọ̀nà gúúsù dí mọ́ wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1878, ogun Ìlọrin tún wà ní Ìkìrun, pẹ̀lú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, nínú ogun Jálumi.

Iṣẹ́ ńlá ni Johnson ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì lè kọ ìtàn ogun yìí láìkà á. Ẹlẹ́rìí ni kí a pè é; kí a má fi í ṣe adájọ́.