Kóìlì, Antenne, Asọ̀rọ̀gbèsì: Àríwísí lórí Orúkọ Ohun-èlò MRI Kan

Yorùbá tó ń gbé ní Nukafu, ní Lomé, èdè Faransé ni yóò bá pàdé nílé ìwòsàn. Antenne ni wọ́n ń pe ohun-èlò tí ẹ̀rọ MRI fi ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ sínú ara. Ìbátan rẹ̀ ní Ìbàdàn yóò gbọ́ coil. Ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti gbà wọ inú rẹ̀ ni ìtumọ̀ Yorùbá wa yóò tọ̀. Èyí tó yí gbogbo ara ká nínú ihò ẹ̀rọ ni mo fẹ́ fi ṣàyẹ̀wò.

Ẹni tó bá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì yóò pè é ní wáyà kíká. Ìrísí ni orúkọ yìí ń sọ, ìrísí ọ̀hún kò sì rí bẹ́ẹ̀. Irú èyí tí Cecil Hayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1985 fún ẹ̀rọ tesla 1.5 kò ní wáyà kíká: òrùka méjì ni, tí àwọn ọ̀pá so pọ̀ yípo bí àgò ẹyẹ.

Ti Faransé sàn díẹ̀, nítorí iṣẹ́ ni ó wò. Àmọ́ orúkọ kan náà ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fún èyí tó wà nínú ihò ẹ̀rọ àti èyí tí wọ́n ń tẹ́ lé àyà. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, ti inú ihò ló ń fi ìgbì ránṣẹ́. Ti orí àyà ń gba èsì ni.

Ìyàtọ̀ yìí kan aláìsàn gan-an. Ìgbì tí a fi ránṣẹ́ ń mú ara gbóná. Ìlànà àgbáyé fi òdiwọ̀n wáàtì 2 sí kílò ara kan nínú àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀. Bí ọwọ́ bá kan itan láìsí aṣọ láàárín wọn, iná lè rìn yípo níbẹ̀ kó sì jó awọ. Ẹni tí a sọ fún pé ẹ̀rọ kàn ń ya àwòrán rẹ̀ kò ní rí ìdí tí a fi ní kó má ṣe pa ọwọ́ pọ̀.

Yorùbá ti ní orúkọ tó sún mọ́ ọn: asọ̀rọ̀mágbèsì, ìyẹn rédíò. Ìhun rẹ̀ ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, sọ̀rọ̀, má, gba àti èsì, pẹ̀lú ìpajẹ fáwẹ́lì gba. Rédíò ń sọ̀rọ̀, kò gbèsì. Ohun-èlò tiwa ń fi nǹkan bíi megahertz 64 sọ̀rọ̀ sí háídírójìn inú omi àti ọ̀rá ara, háídírójìn sì ń fèsì. Ti inú ihò lè gbọ́ èsì náà fúnra rẹ̀. Bí a bá yọ má kúrò, a ní asọ̀rọ̀gbèsì ara. Èyí tó ń gba èsì nìkan yóò jẹ́ agbèsì: agbèsì àyà, agbèsì orí. Báyìí, ọ̀rọ̀ kan, sọ̀rọ̀, ló ya èyí tó ń mú ara gbóná sọ́tọ̀.

A lè takò mí pé fóònù náà ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbèsì. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ara fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. A sì lè ní kóìlì ti tó bí ọ̀rọ̀ àyálò. Láàárín àwọn onímọ̀, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ìyá àgbà tó fẹ́ wọ inú ihò ẹ̀rọ.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ti ìṣègùn ṣì wà lọ́rùn wa. Kí a tó fọwọ́ sí orúkọ kankan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í pé: ṣé ó ń sọ ohun tí ohun-èlò náà ń ṣe sí ara?