Ògiri Tó Lanu

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tí òǹkọ̀wé yìí fẹ́ràn jù láti mọ, ó lanu níbi tí kò lóǹkà. Aláǹgbá ń wọlé, aláǹgbá ń jáde, omi òjò ń gba inú rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ kò mì. Òkúta lásán ni, kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí yanrìn.

Abẹ́òkúta ló ti kọ́kọ́ dán an wò, ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tó tún fi òkúta jórúkọ, òkúta ò lè wọ́n níbẹ̀. Ẹni bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, òkúta akọ ni yóò máa hú jáde. Àwọn onílé a sanwó kí wọ́n kó o dànù, wọn a sì tún sanwó búlọ́ọ̀kù tí wọn yóò fi mọ odi ọgbà. Ìṣirò yẹn ò tíì yé òǹkọ̀wé yìí títí dòní.

Ògiri àkọ́kọ́ wó. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àgbàrá sì ń wọ́ ẹ̀fọ́ lọ lọ́dọọdún, ló bá to òkúta dé ìbàdí láti fi dá erùpẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ lè tètè yá, ó tẹ́ àwọn òkúta gígùn gbalaja sí ojú ògiri, ó sì ki erùpẹ̀ pupa sáàárín. Òjò oṣù keje dé, erùpẹ̀ mumi, ó wú, ògiri yọ ikùn bí aboyún. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, gbogbo rẹ̀ ti dà sórí tẹ̀tẹ̀.

Nígbà tó ń ṣa òkúta yẹn kúrò nílẹ̀ ló tó mọ iṣẹ́. Òkúta gígùn, inú ògiri ni yóò na ara sí, orí rẹ̀ nìkan ni kó yọjú síta. Kí ọ̀kan jókòó lórí méjì, kí méjì jókòó lórí ọ̀kan. Ibi tí ojú ìpàdé bá ti to ara wọn láti òkè délẹ̀, ibẹ̀ ni ògiri yóò ti ya. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń há sáàárín, kì í ṣe erùpẹ̀. Bí ìdí ògiri tó ga ní mítà kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 70, orí rẹ̀ kò ní ju 40 lọ, kí ojú méjèèjì lè fara ti ara wọn. Níwọ̀n ìdajì gíga rẹ̀, wọn a fi òkúta tó la ògiri já dè é pọ̀, ọ̀kan ní mítà kọ̀ọ̀kan.

Adùn iṣẹ́ náà kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó gbé òkúta kan tó tó orí ewúrẹ́ sí àyè rẹ̀, òkúta ń jó. Ó yí i, ó ṣì ń jó. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sún un sọ́tùn-ún díẹ̀: gbì! Ó jókòó. Ó ki ẹ̀rún òkúta kan sí i nídìí láti inú, ó gun orí rẹ̀, kò mì. Àwọn kan ní ẹni tó bá ti gbé òkúta kò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ láìlò ó. Òǹkọ̀wé yìí máa ń gbé e sílẹ̀ dáadáa.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní Sukur, lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Adamawa, òkúta tí wọ́n kàn tò léra ni odi ààfin Hidi, ọba ibẹ̀. UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 1999, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ejò ńkọ́? Gbogbo àlejò ló ń béèrè. Eku ni ejò ń bá wá, ìdọ̀tí ni eku ń bá wá. Kí wọ́n máa ro ìdí ògiri, kí wọ́n má da ilẹ̀ síbẹ̀.

Mítà kan ògiri yìí a máa jẹ òkúta bíi tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ lọ́wọ́, kó yáa sọ fún onítípà kó da òkúta sí ẹ̀yìnkùlé.