Ìṣirò Tó Ṣáájú Ìrìn: Ohun tí Nomadland Sọ àti Ohun tí Ó Dákẹ́ Lé Lórí

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo fi fíìmù Nomadland han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì ìkẹyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ìtumọ̀ Faransé sì ń kọjá ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Nígbà tí ó parí, ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn nawọ́ sókè, ó ní: "Ọ̀gá, ṣé obìnrin yìí kò ní ará ni?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo rí i pé òun gan-an ni fíìmù náà ń yí ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì fẹ́ dáhùn.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó, ìtàn náà kò gùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ US Gypsum ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ìlú Empire, ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ náà ló ni àwọn ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé, nítorí náà bí iṣẹ́ ti tán ni ìlú tán. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ìlú náà, 89405, rẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyí. Chloé Zhao, olùdarí tí wọ́n bí ní Beijing, wá fi opó kan tí a hùmọ̀, Fern, sínú òótọ́ náà. Frances McDormand ló ṣe é. Fern kó ẹrù rẹ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí, ó sọ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan di yàrá, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, fíìmù náà gba Kìnnìún Wúrà ní Venice. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ó gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́ta: ti fíìmù tó dára jù lọ, ti olùdarí, àti ti òṣèrébìnrin.

Láti inú ìwé ni fíìmù yìí ti jáde. Akọ̀ròyìn Jessica Bruder ló kọ ìwé náà, ó sì jáde ní ọdún 2017 pẹ̀lú orúkọ kan náà. Kò sí Fern nínú rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́ ènìyàn gidi, àwọn àgbàlagbà tí ìdàrúdàpọ̀ ọrọ̀ ajé ọdún 2008 gba ilé tàbí owó ìfipamọ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì wá ń gbé nínú ọkọ̀ láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Mẹ́ta nínú wọn, Linda May, Swankie àti Bob Wells, ni Zhao pè wá sínú fíìmù láti ṣe ara wọn. Ohun tó dára ni ó ṣe yìí, nítorí nígbà tí Linda May bá ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó kọ́ ọ̀rọ̀ sórí. Ó sọ pé láti ọmọ ọdún méjìlá ni òun ti ń ṣiṣẹ́, pé òun tọ́ ọmọbìnrin méjì, pé nígbà tí òun wá wo iye tí ìjọba yóò máa san fún òun lóṣù nígbà ogbó, 550 dọ́là ni òun rí.

Iye yìí ni ó yẹ kí a fi ka fíìmù náà. Àwọn tó ń pinnu láti fi ọkọ̀ ṣe ilé títí ayé ní Amẹ́ríkà kì í kàn gbéra bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Wọ́n ń ka iye ọkọ̀ fúnra rẹ̀, epo, owó adójútòfò, àtúnṣe, oògùn. Wọ́n ń wá àdírẹ́sì tí lẹ́tà yóò máa bá wọn sí, nítorí ẹni tí kò ní àdírẹ́sì kò lè tún ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń forúkọ sílẹ̀ bí olùgbé South Dakota, Texas tàbí Florida, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan yóò ti máa gba lẹ́tà wọn, tí ìpínlẹ̀ kò sì ní gba owó orí lórí iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń wo ibi tí wọn yóò máa sùn. Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ènìyàn lè dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá láìsan kọ́bọ̀. Ní àyíká Quartzsite ní aṣálẹ̀ Arizona, ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ tí ènìyàn lè gbé láti 15 oṣù kẹsàn-án títí di 15 oṣù kẹrin; ní ọdún 2017, 180 dọ́là ni owó rẹ̀. Linda May inú ìwé náà ra ilé kékeré oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, ní 1,400 dọ́là. Bob Wells, tí ìkọ̀sílẹ̀ ìgbéyàwó lé dénú ọkọ̀ ní Alaska nítorí pé owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó gbọ́ ilé méjì, ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní irú ìṣirò báyìí láti ọdún 2005. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Nínú ìwé Bruder, gbogbo ìṣirò yìí ni ẹran ara ìtàn. Ẹni tó kà á tán mọ iye tí wákàtí iṣẹ́ kan ń mú wá, ó sì mọ ohun tí iye náà kò lè rà. Nínú fíìmù, ìṣirò ti lọ sẹ́yìn, ojú sánmà ló wá síwájú. A rí Fern tó ń rìn nínú òkúta Badlands nígbà tí oòrùn ń wọ̀, dùùrù Ludovico Einaudi sì ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹwà náà pọ̀ jù, a gbàgbé láti béèrè ẹni tó san owó epo.

Síbẹ̀, ìran kan wà tí Zhao ti ṣe ìṣirò náà dáadáa láìka owó kankan. Táyà Fern jò nínú aṣálẹ̀, kò sì ní táyà àfikún. Ó lọ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ Swankie, obìnrin arúgbó tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á láàmú. Swankie bá a wí bí ìyá ti ń bá ọmọ wí: pé ibi tí kò sí ènìyàn ni wọ́n wà, pé ẹni tó bá gbé ara rẹ̀ débẹ̀ láìmúra lè kú síbẹ̀. Lẹ́yìn ìbáwí, ó ràn án lọ́wọ́, ó sì kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀. Nínú ìran yìí, a mọ̀ pé owó nìkan kọ́ ni ènìyàn ń fi pamọ́ de ìrìnàjò. Ìmọ̀ pẹ̀lú jẹ́ owó ìfipamọ́, ẹni tí kò ní in yóò sì yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ka ìran náà sí ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù lọ nínú fíìmù náà, nítorí kò sí dùùrù níbẹ̀.

Ibi tí mo ti bá olùdarí jà ni ilé ìkẹ́rùsí Amazon. Fern ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àkókò Kérésìmesì, lábẹ́ ètò kan tí ilé-iṣẹ́ náà dá sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀. Nínú fíìmù, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn òṣìṣẹ́ ń kí ara wọn, Fern sì sọ pé owó rẹ̀ dára. Kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, Bruder sọ fún wa nípa àwọn ẹni ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń rin ju kìlómítà ogún lọ lójúmọ́ lórí ilẹ̀ kọnkéré, àti nípa àpótí oògùn ara ríro tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri kí òṣìṣẹ́ lè mú lọ́fẹ̀ẹ́. Àpótí yẹn nìkan ìbá tó. Bí a bá gbé e sójú àwòrán fún ìṣẹ́jú kan péré, òǹwòran ìbá mọ̀ pé ara wọn ni àwọn arúgbó yìí ń ná nígbà tí owó tán. Zhao kò gbé e síbẹ̀. Lámèyítọ́ kan lè sọ pé ìtàn ọkàn obìnrin kan ni ó fẹ́ sọ, pé kì í ṣe ẹjọ́ ilé-iṣẹ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọkàn obìnrin náà kò sí lẹ́yìn ara rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi. Fern ní ará. Ní ìdajì kejì fíìmù, ọkọ̀ rẹ̀ kú. Owó àtúnṣe pọ̀ débi pé mẹkáníìkì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jọ̀wọ́ ọkọ̀ náà. Ó dáhùn pé ilé òun ni. Kò ní owó náà. Ó pe arábìnrin rẹ̀, Dolly, ó sì lọ sí ilé rẹ̀. Ilé ńlá ni, ó ní ọgbà, ọkọ Dolly àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi òwò ilé àti ilẹ̀ jẹun. Fern jẹun lórí tábìlì wọn, ó sì bá wọn jà: ó ní kò tọ́ láti máa rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n fi gbogbo owó ìfipamọ́ ayé wọn àti gbèsè ra ilé tí agbára wọn kò ká. Lẹ́yìn náà ó gba owó lọ́wọ́ Dolly. Dolly ní kí ó dúró, ó kọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Fern sọ lórí tábìlì náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n owó tó gbà tọ̀nà pẹ̀lú, fíìmù náà kò sì jẹ́ kí a fi ojú méjèèjì wo ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Owó ilé tí Fern bú ni ó tún ọkọ̀ Fern ṣe. Ẹni tó dúró ni àpótí ìfipamọ́ ẹni tó ń lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Fíìmù náà mọ èyí, àmọ́ kíá ló kọjá, ó padà sójú ọ̀nà, bí ẹni tí ojú ń tì.

Kí àwa tí a ń rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì má rò pé a ti borí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin jẹ́ olùkọ́ ní Kétu fún ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó gbèrò, ó sì fi owó pamọ́: owó tọ́ńtíìnì ni ó fi kọ́ yàrá méjì kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pẹ́ ju ọdún kan lọ kí ó tó jáde. Ìyá mi, tó ń ta gàrí, ni ó bọ́ ọ ní gbogbo àkókò náà. Kò sí ẹni tó gbọ́ kí ó ráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bàbá náà dé, owó òwò ìyá mi ti tán, kò sì padà sí ọjà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àwa ní ará, pé ohun tó dé bá àwọn arúgbó Amẹ́ríkà kò lè dé bá wa, ìyá mi ni mo máa ń rántí. Ará wà lóòótọ́. Ará náà ń san owó.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú fíìmù náà tó ṣòro láti túmọ̀ sí èdè wa, ó sì yẹ kí àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí fiyè sí i. Ọmọdébìnrin kan tí Fern ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ rí pàdé rẹ̀ nínú ilé ìtajà, ó bi í bóyá ó ti di aláìnílé. Fern dáhùn pé rárá, pé òrùlé ni òun kò ní, pé ìyẹn yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún un. Ní Yorùbá, ilé ni méjèèjì: ilé ni ògiri àti òrùlé, ilé sì ni àwọn tí a bá jọ ń jẹ́ orúkọ kan. A kì í wo òrùlé kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé là ń wò. Ìyàtọ̀ tí Fern fi gbé orí rẹ̀ sókè kò sí lẹ́nu wa, bóyá nítorí èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ èdè tí ó so ilé mọ́ ènìyàn báyìí kò sọ fún wa bí a ó ṣe ṣe é nígbà tí ènìyàn inú ilé bá rẹ̀.

Ní òpin fíìmù, Fern padà sí ilé ìkẹ́rùsí, ó jọ̀wọ́ gbogbo ẹrù tó ti ń san owó lé lórí, ó wọ inú ilé òfìfo tí òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ní Empire, ó sì jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìran ńlá ni, McDormand kò sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Nítorí rẹ̀ nìkan, mo gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó wo fíìmù náà. Ṣùgbọ́n kí ó ka ìwé Bruder tẹ̀ lé e, ó wà ní èdè Faransé, nítorí inú ìwé ni ìṣirò wà.

Mo dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ní obìnrin náà ní ará, pé kí ó tún ìran ilé Dolly wò, kí ó sì kọ sílẹ̀ fún mi ẹni tó sanwó nínú rẹ̀ àti ohun tó ná an. Lẹ́yìn náà kí ó ṣe ìṣirò kan náà fún ilé tirẹ̀. Ó ní èyí èkejì le jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tèmi ni.